Omi Tó Gba Inú Ọgbà Orí Ilé Mi Kọjá

Ẹ̀yin ará, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tójú mi rí ní Òkè-Sopẹ́n níbí. 

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, mo ní mi ò ní jókòó lásán. Òrùlé ilé mi, dẹ́kìn oníkọnkéré ni, kì í ṣe páànù. Bíríkìlà fi ọ̀dà dúdú kùn ún kó má baà jò, a da iyẹ̀pẹ̀ lé e, mo gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ata. Fatiláísà ńkọ́? Mi ò ṣahun ẹ̀ rárá! Àwọn aládùúgbò wá ń ya fọ́tò.

Omi òjò tó bá ti ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, páìpù ló ń gbé e lọ sínú táńkì. Ẹ sì mọ àṣà wa: a kì í gbe omi òjò àkọ́rọ̀. A ó jẹ́ kó fọ òrùlé ná. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an, òjò mẹ́ta gbáko ni mo jẹ́ kó ṣàn dànù. Omi tó wá lẹ́yìn náà ṣì pọ́n díẹ̀, àmọ́ mo ní ewé tó já sínú rẹ̀ ló fà á.

Ìgbà náà ni Bísí, ọmọ mi obìnrin, gbé ọmọ oṣù méjì wá sọ́dọ̀ mi. Ọmú rẹ̀ ò tó, mílíìkì inú agolo lọmọ ń mu. Èmi ìyá àgbà ni mò ń fi omi táńkì po ó. Mo sì ń sè é dáadáa o!

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Bísí figbe ta: "Màámi, ẹ wo ọmọ mi!" Ètè ọmọ ti dúdú bí ẹni pé ó lá aró. A sáré gbé e dé ọsibítù. Wọ́n fi atẹ́gùn sí i nímú, dókítà sì bi wá pé omi wo là ń lò.

Mo sọ fún un, mo tún fi kún un pé mo ń sè é. Ó ní bí èèyàn bá ń se omi oníyọ̀, ṣé iyọ̀ ń bá ooru omi lọ ni? Ó ní fatiláísà inú omi yẹn ni kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ gbé atẹ́gùn, sísè sì ń mú un le sí i. Ìgbà náà ló wá yé mi pé eruku ojú páànù nìkan ni òjò àkọ́rọ̀ ń fọ̀ lọ. Iyẹ̀pẹ̀ àti ọ̀dà tèmi, gbogbo òjò ló ń fa nǹkan jáde lára wọn.

Ṣé èmi ni mo fẹ́ fọwọ́ ara mi pa ọmọ ọmọ mi? Odindi ọjọ́ mẹ́ta, mi ò lè wo Bísí lójú.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọmọ ti gbádùn. Mo ti gé páìpù yẹn. Bísí ní òun ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n bí mo bá na ìgò mílíìkì sí i, á kọ́kọ́ bi mí pé, "Màámi, omi ibo ni?" Mi ò bínú. Ó yẹ kí n ti bi ara mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbin nǹkan sórí ilé, níbo ni omi tiyín ń ṣàn lọ? Ta ló ń mu ún? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ síbí.