Abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ tí Ṣẹ́gun ṣe fún bàbá ẹ̀

Mo ba iṣẹ́ olóògbé jẹ́ lónìí.

Kí Ṣẹ́gun ọ̀rẹ́ mi tó kú, ó fi ẹ̀rọ yọ́ ìyẹ̀fun àlúmíníọ̀mù pọ̀ ní ìpele-ìpele, ó fi ṣe abẹ̀bẹ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi fún bàbá ẹ̀ tó ń pẹja ní Ìbíadé.

Ó ku ká fi iná mú un le. Iná tí a máa ń fún àlúmíníọ̀mù tí wọ́n yọ́ dà sínú yanrìn ni mo fún un, ó sì pọ̀ jù fún irú èyí. Afẹ́fẹ́ tó há sínú ẹ̀ wú. Gbogbo ara ẹ̀ lé ròrò.

Mo pe bàbá Ṣẹ́gun lórí fóònù. "Ẹ má bínú, sà. Kò lè ṣiṣẹ́ mọ́."

"Gbé e wá bẹ́ẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí n rí ibi tí wọ́n sin ọmọ mi sí. Ìyẹn ni n ó máa wò."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú wo ni kí n fi wo bàbá yìí?