Ẹ̀wù Gbígbẹ Kan Ṣoṣo

Bí òjò bá ṣú ní Bantè, àwọn alálùpùpù a sá wọ abẹ́ òrùlé ọjà, wọ́n a máa wo ojú ọ̀run. Sakinatou kì í bá wọn dúró. Á na ọwọ́ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, á wò ó bóyá okùn àpótí oògùn le, á sì gbọ̀nà ilé. Ó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ga. Abúlé rẹ̀ wà lẹ́yìn Koko, ní òdìkejì odò kan tí kì í ju kókósẹ̀ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n tí kì í mojú ẹnikẹ́ni bí òjò bá ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Àwọn ará abúlé ló yàn án ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn pé kó máa tọ́jú ọmọdé tí ibà bá mú, kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Wọ́n fi ọjọ́ mẹ́fà kọ́ ọ ní Bantè, wọ́n fún un ní àpótí, wọ́n ní kó máa wá gba oògùn lóṣooṣù. Kẹ̀kẹ́ jẹ́ ti Boukari ọkọ rẹ̀, tó ń gbin iṣu. Nígbà tó kọ́kọ́ ń gùn ún, àwọn ọkùnrin a máa pariwo pé, "Boukari, ìyàwó rẹ ti gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ rẹ o!" Nígbà tó ti tọ́jú ọmọ tiwọn náà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rín tán.

Bàbá Fataou ló kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ nínú òjò. Arúgbó náà ti fi kẹ̀kẹ́ ru iṣu lọ sí Savalou fún ogún ọdún, nígbà tí alùpùpù kò tíì wọ́pọ̀. Ó ní, "Òjò kì í pa èèyàn. Atẹ́gùn tó ń bọ̀ lẹ́yìn òjò ló ń pa á." Ó ní kó máa tẹ́ pépà àpò sìmẹ́ńtì sí àyà lábẹ́ ẹ̀wù, kó fi ọ̀rá bò ó, kó tó da tapólì bora. Ó ní kó má wọ aṣọ púpọ̀ bó bá ń gun òkè, torí òógùn náà omi ni, òtútù tó ń mú wá kò yàtọ̀ sí ti òjò. "Kí o sì ní ẹ̀wù kan nínú ọ̀rá tí o dì lẹ́ẹ̀mejì. Bí o bá ti dé ibi tí ò ń lọ, bọ́ èyí tó tutù kí o tó kí ẹnikẹ́ni." Sakinatou rò pé àsọdùn àgbà ni. Ọdún náà ni ikọ́ dá a dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láti ìgbà náà, kò gbàgbé ẹ̀wù gbígbẹ rẹ̀ rí.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, oògùn tán nínú àpótí, ó sì lọ sí Bantè láti gba òmíràn. Ó ń di ẹrù rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Rachidath ni, obìnrin tí ògiri kan ṣoṣo pín ilé wọn níyà.

"Ẹ̀gbọ́n, Houda ò mọ̀ mí mọ́. Ojú rẹ̀ ti yí sókè."

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Àárọ̀ ni ara rẹ̀ gbóná. Gìrì yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un ni."

"Gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì ní Koko kíá."

"Odò ti kún, Ẹ̀gbọ́n. Alùpùpù méjì ti dé etí rẹ̀, wọ́n yí padà. Bàbá rẹ̀ wà lóko. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá."

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Houda, ọmọ Rachidath. Ọwọ́ Sakinatou ló kọ́kọ́ bọ́ sí nígbà tí wọ́n bí i. Ó bá sẹmijàn kan tó ń fi alùpùpù gbé èrò sọ̀rọ̀ pé kó gbé òun lọ. Ọkùnrin náà mi orí. "Màmá, ẹ̀rọ mi á mumi nínú odò yẹn. Kẹ̀kẹ́ yín nìkan ló lè kọjá, torí pé ẹ lè rù ú." Òótọ́ ló sọ. Sakinatou tẹ́ pépà sí àyà, ó wọ tapólì, ó gbéra.

Òjò ká a mọ́ ojú ọ̀nà kó tó lọ jìnnà. Atẹ́gùn ń ti kẹ̀kẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, ẹrẹ̀ ń fa táyà. Ìka rẹ̀ le débi pé kò lè fún bíréèkì mọ́, ó wá ń fi ọwọ́ kan di kẹ̀kẹ́ mú, ó ń ki èkejì sí abíyá títí tó fi móoru. Kò sọ̀ kalẹ̀. Ó kọjá Koko láìwo ẹ̀gbẹ́.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé odò, ó rí alùpùpù kan tó dùbúlẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Nínú ahéré kan tí òrùlé rẹ̀ ti ya, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó sílẹ̀, ó ká orúnkún mọ́ àyà. Ẹ̀wù funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Sakinatou kí i. Ó pẹ́ kó tó dáhùn.

"Lionel ni mí. Olùkọ́... olùkọ́ tuntun. Láti Savalou." Ahọ́n rẹ̀ wúwo bíi ti ẹni tó ti mutí. Odò ti gbé e ṣubú nígbà tó fẹ́ gbà á kọjá, ó sì ti wà nínú atẹ́gùn náà láti ìgbà pípẹ́. Ó ń wá bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ láti tú u. "Ooru ń mú mi, Màmá. Mo fẹ́ sùn díẹ̀."

Ẹ̀rù ba Sakinatou. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò gbọ̀n rárá. Bàbá Fataou ti sọ fún un rí pé ẹni tó ń gbọ̀n ṣì ń bá òtútù jà, ẹni tí kò gbọ̀n mọ́ ti jáwọ́. Ó yíjú sí odò. Lẹ́yìn odò, ọ̀nà ṣì kù, Houda sì wà ní òpin ọ̀nà náà. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sórí pẹ́dà. Ó rò ó pé ẹlòmíràn á kọjá, pé àgbà ni ọkùnrin yìí, pé ọmọ ọdún mẹ́ta lèyí tó ń retí òun. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀.

Ó bọ́ ẹ̀wù tútù lára Lionel, ó wọ bùbá gbígbẹ tòun sí i lọ́rùn. Ó yọ pépà àyà rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sí àyà Lionel, ó fi tapólì wé e, ó jókòó, ó fẹ̀yìn ti ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ń fi hóró ṣúgà tó wà nínú àpótí rẹ̀ sí i lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kí lorúkọ ìyá rẹ?"

"Marie... Marie-Madeleine."

"Kí ló máa ń sè fún ọ? Dá mi lóhùn! Má sùn!"

Ó ń bi í bẹ́ẹ̀, ó ń pariwo mọ́ ọn, omi sì ń ṣàn lójú tirẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀yìn Lionel bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Oumar wá ń ti oko bọ̀. Sakinatou fa Lionel lé e lọ́wọ́. "Mú un lọ sílé rẹ, dáná fún un. Má jẹ́ kó sùn." Bíi wákàtí kan ti lọ.

Ó gbé àpótí lérí, ó wọ odò. Omi dé ìbàdí. Ó padà wá gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká, ó tún kọjá. Kò sí pépà, kò sí tapólì, kò sí ẹ̀wù mìíràn. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà Rachidath, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí oògùn àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ń kì sí ìdí ọmọ, bọ́ sílẹ̀. Ó mú òmíràn. Houda rọ jọwọrọ lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀.

"Ẹ pẹ́," ni Rachidath wí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, odò fà, wọ́n sáré gbé ọmọ náà lọ sílé ìwòsàn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò níbẹ̀. Ó yè, ó padà wá, ó ń jẹun. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwo irin bọ́ lulẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò yíjú padà. Ìyá rẹ̀ mú àwo náà, ó tún jù ú sílẹ̀. Houda ń ṣeré rẹ̀ lọ. Etí rẹ̀ méjèèjì ti di.

Sakinatou ò lè lọ kí wọn, torí àyà ń dun òun náà, kò lè dìde lórí ẹní fún ogúnjọ́. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí Marie-Madeleine, ìyá Lionel, ti Savalou wá dúpẹ́. Obìnrin náà kúnlẹ̀ nínú àgbàlá, ó ń sunkún sókè pé, "Ẹ jókòó ti ọmọ mi nínú òjò! Ẹ fi ẹ̀wù yín wọ̀ ọ́! Ọlọ́run á san án fún yín!" Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ló gba orí ògiri kọjá.

Nígbà tí àlejò lọ, Rachidath dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Òótọ́ ni, Ẹ̀gbọ́n? Ẹ jókòó tì í?"

"Òótọ́ ni."

"Ẹ sì mọ̀ pé Houda ń dúró dè yín."

"Mo mọ̀."

Rachidath yí padà. Láti ọjọ́ náà, kò kí i mọ́. Bí wọ́n bá pàdé nídìí kànga, á gbé korobá rẹ̀, á sún sẹ́yìn. Lionel pàápàá, tó ń kọ́ àwọn ọmọ abúlé níwèé báyìí, kì í mọ ibi tí yóò wò bí Houda bá ń sáré kọjá lójú rẹ̀.

Sakinatou bi nọ́ọ̀sì léèrè bóyá wákàtí yẹn ló fà á. Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀. "Ibà náà ti wọ orí ọmọ yẹn tipẹ́. Ó lè jẹ́ pé wákàtí yẹn ì bá ràn án lọ́wọ́, ó lè jẹ́ pé kì bá tí ṣe nǹkan kan. Ẹni tó bá ní òun mọ̀, irọ́ ló ń pa." Sakinatou rò pé ọ̀rọ̀ náà á fi òun lọ́kàn balẹ̀. Kò fi í lọ́kàn balẹ̀. Boukari ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, torí mímí rẹ̀ ń dún bí ó bá ń gun òkè. Sakinatou ní òun á rò ó. Nígbà tí oṣù pé, ó gun kẹ̀kẹ́ lọ gba oògùn.

Ní ọjọ́ kan nínú oṣù kejì ọdún yìí, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àgbàlá nígbà tí òjìji kan bọ́ sórí àwo rẹ̀. Rachidath ni, ó pọn àbúrò Houda, ọmọ oṣù méje. Ó tú ọ̀já, ó gbé ọmọ náà lé Sakinatou lẹ́sẹ̀, ó sì dúró. Sakinatou fọwọ́ kan ọrùn ọmọ, ó wọn ìgbóná ara rẹ̀, ó fi ìka la ẹnu rẹ̀.

"Kì í ṣe ibà. Eyín ló fẹ́ yọ."

"Mo gbọ́," ni Rachidath wí. Ó pọn ọmọ rẹ̀ padà, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde.