Ariwo Inú Mọ́tò Pupa

Ẹ gbọ́, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé mẹkáníìkì àgbà yìí ò mọ ohun tó ń dún nínú mọ́tò pupa tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ẹ má gbà á gbọ́. Ọkùnrin tó ti ń fi ẹ́ńjìnnì jẹun láti ìgbà èwe, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Elétí, torí pé kì í tú ohunkóhun láìjẹ́ pé ó gbọ́ ohùn rẹ̀ tán! Ó mọ̀. Ó mọ̀ dáadáa.

Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló ni mọ́tò náà. Mọ́tò asáré ni, ìjókòó méjì péré, ó sì kúrú nílẹ̀ débi pé bí bàbá bá fẹ́ wọnú rẹ̀, àfi kó kọ́kọ́ bẹ orúnkún ara rẹ̀. Àlòkù tẹ́nikẹ́ni ò fẹ́ ni tẹ́lẹ̀. Àwọn méjèèjì ló jọ tún un ṣe, kí iṣẹ́ tó gbé ọmọ lọ sókè òkun. Nígbà tó ń lọ, ó ní kí bàbá òun máa bá òun sitáátì rẹ̀ ní gbogbo Sọ́ńdè.

Lákọ̀ọ́kọ́, ìpè ọmọ yìí kì í pẹ́. Ṣé àlàáfíà ni? Ṣé ara Màámi yá? Inú iṣẹ́ ni mo wà o. Ká tó ṣẹ́jú, fóònù ti kú, bàbá á sì ṣì dì í mú sétí. Àárò ọmọ náà ń sọ ọ́ gan-an, àmọ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú ẹ̀ jáde.

Àfi Sọ́ńdè kan tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í dún ṣakaṣaka. Ọmọ ní kó gbé fóònù sún mọ́ ọn. Bàbá mú skurudiráfà gígùn rẹ̀, ó fi ẹnu irin kan ẹ́ńjìnnì, ó sì fi èèkù rẹ̀ kan fóònù, bó ṣe máa ń fi í kan etí ọmọ náà nígbà tó ń kọ́ ọ níṣẹ́. Ọmọ ní ẹ gbé e sápá ọ̀tún. Ó ní ẹ tún un gbé wá síhìn-ín. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ náà, wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dágbére.

Bí wọ́n ṣe ń lé ariwo kiri nìyẹn, láti Sọ́ńdè dé Sọ́ńdè. Wọ́n fura sí bẹ́líìtì, wọ́n fura sí síìtì tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé. Láàárín rẹ̀, ọmọ ń sọ bí òtútù ṣe ń mú òun, bí yàrá òun ṣe dákẹ́ jù, àti bí ọ̀gá òun ṣe ń pe orúkọ òun bí ẹni tó ń jẹ iyanrìn.

Ẹ wá wò ó, kò pẹ́ rárá tí bàbá ti rí i. Irin pẹlẹbẹ tó bo páìpù èéfín ni, bóòtì rẹ̀ kan ló tú. Ó gbé sípánà lé e, ó sì tún gbé e kúrò. Ṣé wọ́n tún máa ń bẹ ẹni tára rẹ̀ ti yá wò ni?

Ìyàwó rẹ̀, tí nǹkan ò lè pamọ́ lójú rẹ̀, fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ó ní ó mà ṣe o, ọ̀gá mẹkáníìkì tí ariwo kékeré fojú rẹ̀ gbolẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ló máa ń tètè gbé àga síta ní Sọ́ńdè.

Ìgbà tó yá, ọmọ mí kanlẹ̀. Ó ní ariwo yìí ti ju agbára àwọn lọ, òun ò sì fẹ́ kí bàbá máa rá wọ abẹ́ mọ́tò lọ́jọ́ ogbó, kí wọ́n kúkú tà á. Bí mọ́tò bá lọ, kí ló kù? Bí òun bá sì de bóòtì yẹn, ìpè ká-tó-ṣẹ́jú yẹn náà ni yóò padà dé. Ewu ń bẹ lóko Lóńgẹ́, Lóńgẹ́ fúnra rẹ̀ ewu ni. Ó kọ́jú sí mọ́tò náà títí, ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó sì de bóòtì náà pinpin.

Sọ́ńdè dé. Ó fi èèkù skurudiráfà kan fóònù. Ẹ́ńjìnnì ń dún geere, kò sí ṣakaṣaka kankan mọ́.

"Mo ti rí i, ọmọ mi," ni bàbá wí. "Bóòtì kan ló tú. Má tà á."

Bàbá ń dúró de inú-iṣẹ́-ni-mo-wà. Nígbà tí ohùn ọmọ yóò fi jáde, ẹkún ti wà nínú rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un tú díẹ̀."

Kí bàbá tó bojú wẹ̀yìn, ìyàwó rẹ̀ ti na sípánà sí i.