Ọjọ́ Méjì Tó Kù Nínú Eré Láníyì

Tí ẹ bá rí Láníyì ní ọ́fíìsì wa ní Àbújá, ẹ ò ní gbà pé eegun rẹ̀ le. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni, fáìlì ló ń gbé láti orí tábìlì kan dé òmíràn. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ Sátidé, tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ kọjú sí ọ̀nà Abaji, èmi Fúnṣọ́ tí mo ń pe ara mi ní ọkùnrin, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń wò títí a ó fi padà délé. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì! Bámiṣayọ̀ ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé kẹ̀kẹ́ yẹn ni ìyáálé òun.

Màmá rẹ̀ nìkan ni kì í fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀dọ̀ Láníyì ni wọ́n ń gbé ní Kabusa. Bí a bá ti dé, wọ́n á gbé ògì gbígbóná kalẹ̀ fún wa, wọ́n á wá máa fi aṣọ nu eruku ara kẹ̀kẹ́ náà bí ẹni ń nu ara ọmọ. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí. Láníyì nìkan ló kù.

Ní ọdún 2013, wọ́n pè wá sí eré kẹ̀kẹ́ ọlọ́jọ́ mẹ́fà ní Bùkínà Fasò, fún àwa tí kẹ̀kẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wa. Láàárọ̀ tí a fẹ́ lọ wọkọ̀ ní gáréèjì Jabi, Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Láníyì, tí nǹkan bá ṣe mí ńkọ́?"

"Ibi yòówù kí n wà, Màmá, màá wá. Èmi fúnra mi ni màá jókòó tì yín."

"Fúnṣọ́, ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jowú ẹni tó lọ sáré kẹ̀kẹ́ nílẹ̀ òkèèrè. Ọjọ́ mẹ́ta la fi jókòó sínú ọkọ̀. A sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kíláàsì ilé-ìwé, a ń jẹ búrẹ́dì gbígbẹ, eruku pupa ń jáde nínú itọ́ wa, itan wa sì bó. Lọ́jọ́ kejì mo ṣubú, wọ́n yọ mí kúrò nínú eré. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ tèmi ò ju kí n máa gbé omi dúró de Láníyì lẹ́bàá ọ̀nà. Òun wà ní ipò kẹrin nínú ọgọ́rin èèyàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrin, a ń fọ ṣéènì kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí Bámiṣayọ̀ pè.

"Bàbá Mofẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀. Ara Màmá ò yá rárá. Ọsibítù la wà láti àná. Wọ́n ń pe orúkọ yín ṣáá."

"Gbé fóònù fún wọn."

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi oxygen sí wọn nímú ni. Wọn ò lè sọ̀rọ̀."

Láníyì wò mí, èmi náà wò ó. Ta ni kò mọ bí Yorùbá ṣe ń túfọ̀ fún ẹni tó wà lẹ́yìn odi? Nígbà tí bàbá Paul, tí a jọ wà ní ọ́fíìsì, kú, wọ́n ní orí ló ń fọ́ bàbá. Kánópì ni Paul bá níwájú ilé. A kì í túfọ̀ òbí fún ọmọ tó wà lójú ọ̀nà.

Bàálù kan ń lọ sí Àbújá láàárọ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀, àwọn tó ṣètò eré sì ti ṣe tán láti bá a wá àyè níbẹ̀. Èmi ni mo la ẹnu, ẹnu mi yìí náà: "Láníyì, gba kádàrá. Màmá ti lọ. Òkú ò ní sá. Parí eré yìí fún wọn." Ẹyin lohùn, tèmi sì fọ́ lọ́jọ́ náà.

Ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ló gé túùbù táyà dúdú kan tó ti bàjẹ́, ó so ó mọ́ apá láti fi ṣọ̀fọ̀. Ó tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀ pé òun ń bọ̀, ó sì pa fóònù. Ó ní òun ò fẹ́ kó tún máa parọ́ fún òun. Èmi náà pa tèmi.

N kò rí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ọjọ́ méjì gbáko, ó ń sáré, ó ń sunkún. Ipò kejì ló gbà. Wọ́n fún un ní ife, ó gbé e sókè, ó ní, "Màmá, tiyín nìyí."

Ìgbà yẹn ló wá tan fóònù, tó pe ilé.

"Bámiṣayọ̀, má fi pa mọ́ fún mi mọ́. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí o pè. Ìgbà wo la máa sin Màmá?"

Ohùn ìyàwó rẹ̀ ti ha.

"Kí lẹ mọ̀? Àárọ̀ yìí ni Màmá kú. Aago mẹ́wàá. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá dún ni wọ́n ń gbójú sókè. Èmi náà ń sọ fún wọn pé ẹ ti wà lọ́nà."

Láago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo ń da omi sí Láníyì lórí lẹ́bàá ọ̀nà, mò ń pariwo pé kó rántí ìyá rẹ̀. Túùbù dúdú ṣì wà lápá rẹ̀. Ẹni tó ṣì ń pè é ló ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Kò gun kẹ̀kẹ́ mọ́. Ó gbé e kọ́ ní Kabusa, eruku bò ó, kò sí ẹni tó ń nù ún. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí, ojú ń tì mí. "Ó ti tán, Fúnṣọ́," ló máa ń wí, á sì gbé fáìlì rẹ̀ kọjá. Ì bá sàn kó bú mi. Ó ṣe tán, èmi ni Màmá bi bóyá mo gbọ́, mo sì ní mo gbọ́.