Ẹyẹ Òkun Kò Sí ní Jọ́ọ̀sì

Ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, pòṣé, ó fi ọ̀pá gún ilẹ̀ létí omi. Omi náà kì í ṣe odò, kòtò ńlá tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀ ní Du, lẹ́yìn ìlú Jọ́ọ̀sì, ni, tí òjò rọ̀ kún. Àwọn lékeléke ń tẹ̀ lé màlúù létí rẹ̀, wọ́n ń ṣa tata jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti rò pé inú rẹ̀ á dùn.

"Ṣé oúnjẹ ni wọ́n ń jẹ yìí?" ló bi wá. "Wọ́n ń jẹ ẹ́ bí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá."

Bí Sátidé wa ṣe máa ń rí nìyẹn. Òun ló máa ní ká mú òun lọ wo ẹyẹ, òun náà ló máa bínú délé. Etí òkun ni wọ́n bí i sí, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Nígbà tí òkun gbé ilé rẹ̀ lọ, bàbá mi, tó ń ṣe olùkọ́ ní Jọ́ọ̀sì, lọ mú un wá sọ́dọ̀ wa. Kò sí ohun tó tẹ́ ẹ lọ́rùn níbẹ̀. Ó ní òtútù ń wọ òun léegun. Ó ní eruku ni ẹja gbígbẹ tí ìyá mi rà ní ọjà Tẹ́mínọ́ọ̀sì ń rùn. Tí Yorùbá bá há wa lẹ́nu tí a fi Hausa parí ọ̀rọ̀, á dijú, á ní ká lọ kọ́ bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ná. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sú gbogbo wa. Ó sú bàbá mi jù, torí ìráhùn ni Màmá fi ń kí i káàbọ̀ láti ibi iṣẹ́.

Nígbà ìsinmi kan, bàbá mi kó wa sọ́kọ̀. Ó ní kí Màmá lọ fojú rí òkun rẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ká sì jọ padà.

Ilé àbúrò Màmá la dé sí, ilé orí òpó tí èéfín ẹja kún. Láàárọ̀ ọjọ́ tó yẹ ká padà, a wá Màmá tì. Etí òkun la ti bá a, ó jókòó sórí ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n da ojú rẹ̀ dé. Lọ́ọ̀ọ́kán, omi ń hó yaya. Ẹja ńlá ń lé ṣáwá bọ̀ láti ìsàlẹ̀, àwọn ẹyẹ sì bò wọ́n lókè, wọ́n funfun lọ súà, ariwo wọn borí ti ìgbì. Wọ́n á pa ìyẹ́ dé, wọ́n á já ṣòòròṣò wọnú omi, wọ́n á gbé ẹja jáde, òmíràn á sì já a gbà lẹ́nu wọn. N kò rí irú rẹ̀ rí.

Bàbá mi ń sọ̀rọ̀ ní tirẹ̀. Ó ní ọkọ̀ ń dúró, pé òkun yìí náà ló gbé ilé lọ, pé ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀ níbí. Màmá ò wẹ̀yìn.

"Màámi, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Mo gbọ́. Jẹ́ kí n wò wọ́n. Láti ìgbà tí o ti mú mi lọ, ẹ ò jẹ́ kí n wo nǹkan kan tán."

Bàbá mi pòṣé, ohun tí kò jẹ́ ṣe lójú ìyá rẹ̀. Ó dúró títí àwọn ẹyẹ fi tú ká, ó wá lọ sọ ẹrù Màmá kalẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀. A kọjá odò Ọya padà sílé láìsí Màmá.

Etí òkun ni Màmá gbé títí ó fi kú, ó sì ń ráhùn lọ ní tirẹ̀, pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ àwọ̀n tún ṣe. Èmi náà ti dàgbà báyìí, àwọn aláròyé sì pọ̀ láyìíká mi. Wọ́n máa ń mú mi bínú gan-an. Ṣùgbọ́n kí n tó dá wọn lóhùn, mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi pé kí ni ojú wọn ń wá.