Àwo Tí Wọ́n Fọ̀ Fún Mi

Lọ́sẹ̀ tí a sin ìyàwó mi, àwọn obìnrin ìjọ wa ní Mulhuddart, nílẹ̀ òyìnbó níbí, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìgbálẹ̀. Bá a ṣe ń ṣe é nílé náà nìyẹn: ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ ilé. Wọ́n sè, wọ́n fọṣọ, wọ́n nu fèrèsé. Mo jókòó bí àlejò nínú ilé ara mi.

Ní Sátidé, ọmọbìnrin wa mú mi lọ síbi ibojì ìyá rẹ̀. Ká tó padà dé, wọ́n ti kó àwọn àwo orin búlúùsì mi jáde nínú páálí, àwọn tí mo ti ń kó jọ láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ni ní Ìbàdàn. Wọ́n ti fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ wọ́n bí abọ́, wọ́n wá tò wọ́n sórí irin tó ń mú ilé móoru, kí wọ́n lè gbẹ. Etí wọn ti ká sókè bí ewé tí oòrùn pa.

“Tíṣà, ẹ káàbọ̀! Ẹ wá wò ó bó ṣe ń dán,” ni èyí tó dàgbà jù nínú wọn wí. “Eruku ara wọn tó gbin iṣu sí!”

“Àṣé dí-jéè ni tíṣà wa!” ni òmíràn fi kún un.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ta ló ń bá ẹni tó wá báni sunkún jà? Mo mú ọ̀kan, mo fi hàn wọ́n. “Etí la ti ń dì í mú, ẹ̀yin ìyá mi. Aṣọ gbígbẹ la fi ń nù ún. Ẹ ṣé gan-an.”

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo wá àwo obìnrin olórin kan tí èmi àti ìyàwó mi máa ń gbọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo ti ń dúró kí ilé dá kí n tó gbé e sórí ẹ̀rọ. Abẹ́rẹ́ gùn ún, ó já bọ́.

“Daddy, it's grand,” ni ọmọ mi wí, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbí pé kò séwu. “I have it on my phone.”

Ohùn náà jáde, ó mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n lórí àwo tiwa, abẹ́rẹ́ máa ń há sójú kan, olórin á máa tún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ. Ìyàwó mi á ti ilé ìdáná wá, tòun ti ọwọ́ tútù, á gbá ẹ̀rọ pẹ́pẹ́: “A ti gbọ́, Màmá! Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ!”

Nínú fóònù, olórin kọjá ibẹ̀ láìdúró.

Mo ní kí ọmọ mi pa á. Ó bi mí bóyá kì í ṣe orin tí mo fẹ́ nìyẹn.

Mo ní òun náà ni.