Ìwé Ilé Tí Garth Buwọ́ Lù Láìkà

Ní ọjọ́ kejì tí ìdílé Tuckwell dé orí òkè ni Garth fi síkì, pákó gígùn tí wọ́n ń wọ̀ sẹ́sẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín, gbá Marnie, ìyàwó àbúrò rẹ̀, lẹ́sẹ̀, egungun náà sì kán. Ká ní ó sọ pé, "Jọ̀ọ́, èmi ni mo ṣe é," ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Egungun tó kán ń jiná. Ọ̀rọ̀ tí Garth sọ lẹ́yìn rẹ̀ ló di egbò.

Marnie kì í ṣe ará orí òkè. Ìlú Hay ni wọ́n bí i sí, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, tí oòrùn sì ń jó èèyàn bí ẹni ń sun àgbàdo. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣa irun àgùntàn nínú àgọ́ ìrẹ́run: èyí tó gùn lọ́tọ̀, èyí tó kúrú lọ́tọ̀, èyí tó dọ̀tí lọ́tọ̀. Ogún ọdún ló ti fi ń ṣe é, kò sì sí irun burúkú tó lè sá pamọ́ sáàárín irun dáadáa kí ọwọ́ rẹ̀ má mọ̀ ọ́n. Láti ọdún mẹ́rìnlá tó ti fẹ́ Rowan, gbogbo oṣù keje, ìgbà òtútù ilẹ̀ wọn, tí àwọn Tuckwell bá ń lọ ṣeré lórí yìnyín, ó máa ń rí àwáwí ṣe. Lọ́dún yìí, Bronte ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ló bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin nìkan ni ẹ kì í wá." Ó wá, ó sì rí i.

Àpárá burúkú kan wà tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin máa ń dá níbẹ̀. Wọn á sáré síkì bọ̀ wá bá ẹni tó dúró jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọn á wá dúró gbàgà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí yìnyín lè dà sí i lára. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni Garth, ó yẹ kí ó ti dàgbà kọjá rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú yẹn, Marnie wà lórí ìdàgẹ̀rẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó kọ ẹ̀yìn sókè, ó ń gbìyànjú kó má ṣubú. Garth já wá látòkè. Bronte rí i, ó ké, "Mọ́mì, ẹ yà!" Marnie yí bìrí, síkì Garth sì wọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ́ igi gbígbẹ.

Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e ti ilé ìwòsàn dé, wọ́n ti fi símẹ́ńtì funfun di ẹsẹ̀ náà dé orúnkún. Ọbẹ̀ ò tíì tutù lórí tábìlì tí Garth ti ń ròyìn.

"Ọmọ yìí ló fà á. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni mo fẹ́ gbà kọjá, mo ti wọ̀n ọ́n dáadáa. Bronte ló pariwo, ìyá ẹ̀ bá yí wọ iwájú mi. Mi ò bá ẹ wí o, Bronte. Ọmọdé ni ẹ́."

Marnie gbọ́ ọ láti orí àga gígùn tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ó rí ojú ọmọ rẹ̀ bó ṣe wálẹ̀.

Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn, Bronte ò fọwọ́ kan síkì mọ́. Tíì ló ń gbé wá, gbogbo ìṣẹ́jú, bí ìránṣẹ́. "Mọ́mì, ẹ má bínú."

"Kí ni màá bínú sí?"

"Ariwo tí mo pa."

Marnie ṣàlàyé títí. Ó ní ariwo yẹn ló gba òun. Ọmọ náà kàn ń mi orí. "Ẹ kàn ń sọ bẹ́ẹ̀ kí n má baà sunkún ni. Ẹ ò rí nǹkan kan. Ọ́ńkù Garth ló rí i." Marnie wá mọ̀ pé ẹnu tó fi ọ̀rọ̀ náà sínú ọmọ òun nìkan ló lè yọ ọ́.

Ó kọ́kọ́ lọ bá ọkọ rẹ̀. "Rowan, bá ẹ̀gbọ́n ẹ sọ̀rọ̀."

"Marnie, ṣebí o mọ Garth. Ọjọ́ márùn-ún ló kù. Má jẹ́ ká ba ọ̀sẹ̀ Màmá jẹ́."

Ó fi ọ̀pá abẹ́ abíyá méjèèjì ta kọ́sọ́kọ́sọ́ lọ bá Garth fúnra rẹ̀, níbi tó ti ń nu síkì. Garth rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yìn lo kọ sí mi, Marn. Kí lo rí? Wá nǹkan ṣe, kí inú ẹ má máa ro kiri. Àwòrán kélékèlé tí wọ́n ń tò pọ̀ wà ńbẹ̀. Òwú wà tó o lè fi hun fìlà. O lè jókòó sójú fèrèsé, kó o máa fi awò awọ̀nàjíjìn wò wá. Tó o bá sì lè se ọbẹ̀ elégédé kalẹ̀ ká tó dé, a ò ní kọ̀ ọ́ o." Ó wá fi ìka kan símẹ́ńtì ẹsẹ̀ rẹ̀, kọ́ kọ́ kọ́, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Marnie wá nǹkan ṣe lóòótọ́.

Lóròòru, tí àwọn tó kù bá ti wọlé sùn, tí Dulcie ìyá ọkọ rẹ̀ sì ti ń tòògbé nídìí iná, Marnie á ta kọ́sọ́kọ́sọ́ wọ yàrá ìsáṣọ, á mú ìbọ̀wọ́ Garth kúrò lórí páìpù gbígbóná, á gbé e sójú fèrèsé tó tutù jù. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wọn wà nínú àpò, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀, nínú yìnyín lẹ́yìn ilé, bí gbogbo ilé ṣe ń ṣe níbẹ̀, wọ́n sì ń so ẹnu àpò náà le nítorí ẹyẹ dúdú olójú yẹ́lò tí wọ́n ń pè ní kọ́ráwọ̀n, tó mọ àpò í tú ju olè lọ. Àpò Garth nìkan ni Marnie tú okùn rẹ̀. Ẹyẹ kó ẹran rẹ̀ lọ; Garth jẹ búrẹ́dì gbẹrẹfu, ó ṣépè fún ẹyẹ. Ti àwòrán ẹgbẹ̀rún kélékèlé tí wọ́n ń tò lórí tábìlì ńkọ́? Garth ló máa ń fi ti ìkẹyìn sí i, ó ti di àṣà rẹ̀, á sì pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Marnie mú ẹyọ kan, ó kì í bọ inú kọ́mú. Lálaalẹ́ ni Garth ń rákò lábẹ́ àga, ó ń wá a. Adìyẹ dà mí lóògùn nù, èmi náà á fọ́ ọ lẹ́yin.

Ó dùn mọ́ ọn, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Àmọ́ Bronte ṣì ń gbé tíì wá, ó ṣì ń ní kí wọ́n má bínú. Ìbọ̀wọ́ tútù ò lè tú ọmọ sílẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, ó na ọwọ́ sí àwọn ìwé ilé tó wà lórí pẹpẹ òkè, èyí tí wọ́n ń kọ ìtàn ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí. Ìdílé mẹ́fà ló ni ilé yẹn, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń pín in. Merv, ọkọ Dulcie tó ti kú, wà lára àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ọ, òun ló sì fi òfin ìwé náà lélẹ̀. Ẹni tí kò bá lè jáde ni yóò kọ ìtàn ọ̀sẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀ yóò buwọ́ lù ú ní àárọ̀ tí wọ́n ń lọ, àgbà ilé yóò wá kà á sókè kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. A kì í pa nǹkan rẹ́ nínú rẹ̀. Ohun tí a bá buwọ́ lù, bẹ́ẹ̀ ló rí.

Marnie ka ogójì ọdún. Ó ń ṣà á bí ẹni ń ṣa irun. Ó wá kan ojú ewé kan, ti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, tí ìbátan wọn kan tí ikọ́ dè mọ́lé kọ: "Garth fọ gbogbo abọ́ ọ̀sẹ̀ yìí, ó sì gbà pé Rowan mọ síkì ju òun lọ." Garth ò fọ abọ́ rí láyé. Orúkọ rẹ̀ nìyẹn nísàlẹ̀, gàdàgbà, ó na ìrù gùn bí ti aláǹgbá. Ọdún yẹn, ó ti sáré jáde lọ gbá yìnyín kúrò lára mọ́tò kí wọ́n tó kà á, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un.

Kì í kà á. Ó máa ń wo ibi tí orúkọ òun bá ti bẹ̀rẹ̀, á sì buwọ́ lù ú. Marnie rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Àìkú, ẹsẹ̀ rẹ̀ mì nínú símẹ́ńtì.

Dulcie lajú. "Kí lò ń wá nínú ìyẹn?"

"Nǹkan tí mo lè ṣe ni, Màmá."

"Ìwọ náà lo máa kọ tọ̀sẹ̀ yìí. Má kọ ọ́ gùn o, ojú mi ò ríran dáadáa mọ́."

Ó kọ́kọ́ wù ú kó fi irọ́ kún un. Ó kọ sórí bébà kan pé Garth mutí, pé ó sá lọ fi òun sílẹ̀. Ó kà á, ó gbádùn rẹ̀, ó sì jù ú sínú iná. Ìdọ̀tí díẹ̀ tó bá wọ inú irun dáadáa, gbogbo ìdì ni wọ́n ń dá padà. Ó kọ òótọ́ nìkan, ó sì fi oyin sí i lẹ́nu.

Àárọ̀ Sátidé, ẹrù ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Garth ti wọ bàtà, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Marnie ṣí ìwé síwájú rẹ̀. "Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ buwọ́ lù ú."

Garth wo òkè ewé náà. "'Garth Tuckwell sáré ju gbogbo wa lọ lọ́sẹ̀ yìí.' Wò ó, Marn, o mà mọ̀wé kọ." Ó buwọ́ lù ú, ó na ìrù rẹ̀ gùn.

Ó kan Rowan. Rowan bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ojú rẹ̀ yí padà láàárín ewé, ọwọ́ tó fi di bírò dúró. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wá wo Bronte tó ń kó ife tíì jọ láìgbójú sókè. Ó buwọ́ lù ú.

Dulcie gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó ń kà. "Garth Tuckwell sáré ju gbogbo wa lọ lọ́sẹ̀ yìí. Kò sẹ́ni tó bá a débì kan." Garth ń rẹ́rìn-ín. "Lọ́jọ́ Àìkú, ó sáré wá sórí ìdàgẹ̀rẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, níbi tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ti sáré, kó lè da yìnyín sí Marnie lára." Ìyá àgbà gbé ojú kúrò lórí ìwé, ó wo Garth. Àkọ́bí rẹ̀ ni. Marnie di ọ̀pá rẹ̀ mú, ẹ̀rù bà á pé ó fẹ́ pa ìwé náà dé. Dulcie tún gbé ohùn sókè. "Ó gbá a, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Bronte ló ké láti gba ìyá rẹ̀. Bí kò bá ké, ọ̀pá ẹ̀yìn Marnie ni síkì ì bá bá. Garth sọ pé Bronte ló jẹ̀bi. Irọ́ ló pa."

"Mi ò kà á," Garth ní. "Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni. Ẹ fa igi lé e."

"Bàbá ẹ jó yàrá ìdáná ilé yìí lọ́dún kan," Dulcie ní, "ó wà nínú ìwé náà. Kò fa igi lé e. Òótọ́ ni àbí irọ́?"

Garth wo Rowan pé kó gbè é. Rowan ní, "Dá Màmá lóhùn."

Garth ń yí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́. "Mo sún mọ́ ọn jù."

"Èmi kọ́ ni kó o sọ ọ́ fún," Dulcie ní.

Garth kọjú sí ọmọ náà. Gbogbo ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Bronte, ìwọ kọ́. Èmi ni."

Bronte gbé ife kalẹ̀. Ó mú bírò, ó kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Garth, ó tóbi, ó sì na ìrù tirẹ̀ gùn ju ti ọ́ńkù rẹ̀ lọ. Ó wá lọ jókòó ti ìyá rẹ̀, ó gbé orí lé e léjìká, èyí tí kò ṣe láti ọjọ́ Àìkú.

"Marn, inú ẹ ti dùn báyìí?" Garth bi í lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó kù díẹ̀," ni Marnie dáhùn.

Nígbà tí àwọn yòókù ń kó ẹrù sí mọ́tò, Marnie gbé ìwé náà padà. Kò dá a padà sí orí pẹpẹ òkè tó wà tẹ́lẹ̀. Ó fi í sí ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga gígùn, ó sì fi ẹyọ àwòrán tó ti wà nínú kọ́mú rẹ̀ sáàárín ewé náà kó lè rọrùn láti ṣí. Ìdílé márùn-ún ló ṣì máa lo ilé yẹn kí yìnyín tó yọ́. Lọ́dọọdún, kò ní ṣàì sí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa kán, tí wọ́n á fi sílẹ̀ nílé, tí yóò máa wá nǹkan ṣe. Níbi tó bá jókòó sí, ọwọ́ rẹ̀ á tó ìwé náà.